Tí kọ̀ǹpúrẹ́ṣàn ò bá gòkè lẹ́yìn tí ẹ tún ẹ́ńjìnnì ṣe tán

Ẹ ti tú ẹ́ńjìnnì Peugeot 504 yín palẹ̀, ẹ ra sílíìfù (àgbá tí písítìn ń lọ bọ̀ nínú rẹ̀) àti písítìn tuntun, ẹ pààrọ̀ ríǹgì àti gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sì dì í padà. Ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́, kíìkì ń yí ẹ́ńjìnnì lọ wìrìwìrì bí ẹni pé kò sóhun tó dí i lọ́wọ́, kò sì sítáàtì. Tàbí kó sítáàtì, kó máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ẹ fi géèjì kọ̀ǹpúrẹ́ṣàn wò ó, kọ̀ǹpúrẹ́ṣàn, ìyẹn bí písítìn ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sílíńdà, ò gòkè. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni ká tún un tú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì tú u. Ọkọ̀ bàbá mi ni mo fi kọ́ ọgbọ́n yìí ní Iléṣà níbí. Mo ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ṣòfò, ọjọ́ mẹ́rin lọ lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí àìsàn náà wà kò ju ibi tí ewé fíílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àyè tóóró) lè wọ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé géèjì ò purọ́

Bí ẹ́ńjìnnì bá lè ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, kó lè rọrùn fún kíìkì láti yí i. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì kí iná má bàa ṣẹ́ nítòsí epo. Kí bátìrì kún dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kó tẹ tọ́tù (ibi tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) mọ́lẹ̀ pátápátá, kó má gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: bí tọ́tù bá padé, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè gba inú kàbúrétọ̀ wọlé, písítìn ò sì lè fún ohun tí kò rí gbà.

Ẹ fi géèjì sí ihò púlọ́ọ̀gì, kí kíìkì yí i títí géèjì yóò fi fò lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé láti ẹ̀yìn, níbi fáláwíìlì, ni Peugeot ti ń ka sílíńdà kìíní, kì í ṣe láti ibi fáànù.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà kan ṣoṣo kó yín láyà sókè. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà láàárín 130 sí 160 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), tí wọ́n sì sún mọ́ra, ara ẹ́ńjìnnì yín le. Bí ọ̀kan bá wà ní 140 tí èkejì sì wà ní 70, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló lọ sílẹ̀, fáàfù rẹ̀, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì ti já láàárín wọn. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ lọ sílẹ̀ bákan náà, ó lè jẹ́ pé ṣéènì táímìnì, tó ń mú fáàfù àti písítìn rìn pọ̀, fo eyín kan, tàbí ríǹgì ò tíì jókòó, tàbí tápẹ́ẹ̀tì (àyè tó wà láàárín fáàfù àti róka, irin tó ń tì í ṣí) ti le jù.

Tápẹ́ẹ̀tì

Ìgbà tí mo ti ṣí tọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀kejì tí mo sì ti dì í ni mo tó lọ pe bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Atákúnmọ́sà, tó ti ń tún Peugeot ṣe kí wọ́n tó bí mi. Bàbá ò béèrè géèjì. Wọ́n ṣí ìdérí róka, wọ́n yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ títí fáàfù méjèèjì sílíńdà kìíní fi yẹ kó ti padé, wọ́n wá fi àtàǹpàkò àti ìka kan di róka mú, wọ́n mì í. Ó yẹ kó ta kékeré, kó dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Kò mì rárá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, fáàfù yìí ò ráyè jókòó."

Mo ti wọn tápẹ́ẹ̀tì o, àmọ́ mo wọ̀n ọ́n kí n tó tún bóòtù tọ́ọ̀pù fún. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná nígbà àkọ́kọ́, tí ó sì tutù, mo fún àwọn bóòtù náà bó ṣe yẹ. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun rọlẹ̀, tọ́ọ̀pù sún mọ́ búlọ́ọ̀kù, àyè tí mo fi sílẹ̀ lábẹ́ róka sì ti lọ. Fáàfù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ náà máa ń rì sínú ìjókòó rẹ̀ díẹ̀, ìyẹn náà ń jẹ àyè. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí ẹ bá tún tọ́ọ̀pù fún, ẹ padà wọn tápẹ́ẹ̀tì.

Kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n: 0.10 mílímítà fún fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, 0.25 fún èyí tó ń tú èéfín jáde. Nígbà tí fáàfù méjèèjì sílíńdà kẹrin bá ń mì, tí ọ̀kan ń padé tí èkejì ń ṣí, ẹ wọn ti sílíńdà kìíní. Bí ti kìíní bá ń mì, ẹ wọn ti ẹ̀kẹrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta ṣe ń dúró de ara wọn. Nígbà tí bàbá parí tèmi, sílíńdà tó wà ní 60 fò lọ sí 145.

Bó bá ṣì wà nílẹ̀

Ẹ da ọ́ìlì tó kún ṣíbí tíì kan sínú ihò púlọ́ọ̀gì sílíńdà tó lọ sílẹ̀, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì 504 dùbúlẹ̀ ní ìdajì, nǹkan bí 45 dígírì, ọ́ìlì náà yóò ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kó lè tàn ká. Ẹ tún un wọ̀n. Bó bá fò sókè gan-an, ríǹgì ni. Bí kò bá yí padà, ọ̀dọ̀ fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lọ.

Èyí tó tún dájú jù ni kí ẹ yá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fúkanáísà. Ẹ so ọ̀pá rẹ̀ mọ́ àgbá púlọ́ọ̀gì àtijọ́ tí wọ́n ti wọ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹ gbé písítìn dé òkè pátápátá níbi tí fáàfù méjèèjì ti padé, ẹ fi ọkọ̀ sí jíà tó ga jù, ẹ fa háńdìbíréèkì, ẹ fi òkúta dí táyà, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan fáànù tàbí bẹ́líìtì. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ tó jẹ́ 50 psi sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lóṣòó tì í bí òṣómàáló tó wá gbowó, kí ẹ má dìde títí yóò fi sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Bó bá ń sín nínú kàbúrétọ̀, fáàfù tó ń gba epo ni. Nínú sàlẹ́ńsà, fáàfù èéfín. Nínú ihò tí a ń da ọ́ìlì sí, ríǹgì. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó, gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí tọ́ọ̀pù tó ti là.

Ríǹgì tuntun fẹ́ iṣẹ́

Bó bá jẹ́ ríǹgì, ẹ má tíì sunkún. Ríǹgì tuntun ò tíì mọ ara sílíìfù, ó gbọ́dọ̀ fi agbára fún un kó tó jókòó. Àwa máa ń ṣìkẹ́ ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, a óò fi sílẹ̀ kó máa sáré lórí ìdúró láàárọ̀ dalẹ́. Ìṣìkẹ́ yẹn ló ń ba sílíìfù jẹ́, tó ń jẹ́ kó dán bí dígí. Ọ́ìlì lásán ni kí ẹ lò, kì í ṣe sìńtẹ́tíìkì. Ẹ mú ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà Àkúrẹ́, kọjá lọ sápá Erin-Ìjẹ̀ṣà níbi tí òkè pọ̀ sí. Ní jíà kẹta, ẹ tẹ̀ ẹ́ gun òkè, ẹ sì yọ ẹsẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì fà yín sẹ́yìn bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ṣe é bí ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn 500 kìlómítà, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ẹ sì tún géèjì gbé.

Bí gbogbo èyí bá kùnà ni kí ẹ tó ṣí tọ́ọ̀pù. Ẹ gbé e dorí kodò, ẹ da kẹrosíìnì sí ojú fáàfù ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ihò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibi tí ó bá ń jò, ẹ lọ fáàfù ibẹ̀. Tọ́ọ̀pù ò sí lórí sílíìfù mọ́, kò sóhun tó dì í mú: bí ẹ bá yí ẹ́ńjìnnì, sílíìfù yóò gbéra, èdìdì ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò já, omi yóò sì wọ inú ọ́ìlì. Ẹ fi irin àti bóòtù tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó yí i.