Bí Mo Ṣe Tún Tírígà Autococker Mi Ṣe

Autococker, ìbọn tí mo fi ń ṣeré paintball (eré tá a ti ń fi ọta tó ní ọ̀dà nínú yìnbọn lura wa), kì í ṣe èyí tó ti iléeṣẹ́ kan ṣoṣo jáde o, ẹnì kan níbí ní Texas ló tò ó jọ fúnra ẹ̀, body ọ̀tọ̀, three-way (fáàfù kékeré tó ń darí afẹ́fẹ́) ọ̀tọ̀, ram (písítìnnì kékeré tí afẹ́fẹ́ ń tì) ọ̀tọ̀, mo sì rà á torí pé bí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ yẹn wù mí gan-an. Tírígà ẹ̀ ni ò dáa. Tí n bá fà á, nígbà míì ọta á jáde, nígbà míì ẹ̀wẹ̀ afẹ́fẹ́ á tú sókè gba ibi tí ọta ń gbà wọlé, ọta á fọ́ sínú, ọ̀dà á gba gbogbo ẹ̀. Tí mo bá wá ń yára yìn ín, hammer, irin inú ẹ̀ tó ń gbá kí ọta lè jáde, ò ní kọ́ mọ́, ìyẹn ni pé kò ní padà sẹ́yìn kó há dúró de ìyìn tó kàn.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo yọ hopper (ike tí ọta máa ń wà nínú ẹ̀), mo rí i pé kò sí ọta kankan tó kù nínú ìbọn, mo bo ẹnu barrel, mo wọ mask. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú kéré ìyẹn, ọta paintball lè rìn tó ẹsẹ̀ bàtà 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú ò sì ní sípíà.

Ṣẹ́ ẹ rí i, iṣẹ́ méjì ni tírígà Autococker ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá ń fà á bọ̀, sear (ìkọ́ tó di hammer mú) á kọ́kọ́ jọ̀wọ́ hammer, hammer á lọ gbá valve tó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ọta á jáde. Tẹ́ ẹ bá wá fà á dé ẹ̀yìn pátápátá, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so tírígà mọ́ three-way níwájú á fa three-way, afẹ́fẹ́ á yà sọ́nà kejì, ram á ti back block, ìyẹn irin tó wà lẹ́yìn ìbọn, sẹ́yìn, hammer á tún kọ́. Ẹ jọ̀wọ́ tírígà báyìí, back block á padà síwájú, bolt tó so mọ́ ọn á ti ọta tuntun wọlé. Ẹni tó bá ti jókòó ti mẹkáníìkì rí mọ̀ pé tí táímíìnì bá ti yẹ̀, ẹńjìnnì tó dáa gan-an ò ní ṣiṣẹ́, bí èyí náà ṣe rí nìyẹn.

Mo wá so tank afẹ́fẹ́ mọ́ ọn láìsí ọta nínú ẹ̀, mo rọra ń fa tírígà díẹ̀díẹ̀, ojú mi ò kúrò lára back block. Àṣírí tú! Back block ti ń rìn sẹ́yìn kí n tó gbọ́ "pá!", ìyẹn ni pé bolt ti ṣí sílẹ̀ kí hammer tó gbá valve, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó ti ọta jáde ló wá ń sá gba òkè.

Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ máa ń ṣeré ní, "Àbúrò, ṣáà pààrọ̀ gbogbo o-ring ẹ̀, àwọn rọ́bà róbótó tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò yẹn, kó o sinmi." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo lug ẹ̀ ná."

Lug yìí ni sukúrù kékeré tó yọrí lábẹ́ hammer, òun ni sear máa ń gbá mú. Ẹni tó tò ó ti jẹ́ kó yọ jù, sear wá dì í mú jinlẹ̀, kì í tètè jọ̀wọ́ ẹ̀. Mo yọ bolt, mo ti Allen key gba ihò tó wà nínú body, mo yí lug sókè díẹ̀, mo dán an wò, mo tún yí i díẹ̀, títí tó fi ń yìn nígbà tí tírígà bá dé nǹkan bí ìdajì ọ̀nà. Ẹ má yí i lọ sókè jù o, tí kò bá yọ tó, sear ò ní rí nǹkan gbá mú, hammer á kàn máa yọ̀ bọ́ ni.

Ó kù irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Mo jẹ́ kó gùn sí i díẹ̀ kí three-way má bàa tètè yí, kó jẹ́ pé ìgbà tí tírígà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ni back block á ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń yí lẹ́ẹ̀kan náà, torí tẹ́ ẹ bá yí méjì pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó tún un ṣe àbí èyí tó bà á jẹ́.

Ti hammer tí kì í kọ́ yẹn, regulator kékeré iwájú, tó ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń lọ sí ram, ló fà á, presọ̀ ẹ̀ ti kéré, ram ò lágbára tó láti ti back block dé ẹ̀yìn. Mo yí i wálẹ̀ títí tí kò fi kọ́ rárá, mo wá ń gbé e sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí tó fi ń kọ́ dáadáa, mo fi díẹ̀ sí i, ó tó. Tó bá pọ̀ jù, bolt á máa gé ọta sí méjì.

Ẹ̀gbọ́n náà ò kúkú parọ́ tán, torí nígbà tí mo fi omi ọṣẹ kan three-way, ó ń hó níwájú. O-ring kan ti gé. Mo pààrọ̀ ẹ̀, mo fi girisi tó wà fún máákà (ìbọn paintball) pa á, mo sì fi Loctite aláwọ̀ búlúù, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi di sukúrù, díẹ̀ sí sukúrù tó di irin tẹ́ẹ́rẹ́ mú kó má bàa lúùsù. Ní pápá, mo kọ́kọ́ fi chronograph wọn eré ọta ẹ̀, kò kọjá ẹsẹ̀ bàtà 280 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mo wá da ọta kún hopper, mo yìn ín títí hopper fi gbẹ, ẹyọ kan ò fọ́ sínú ẹ̀.