Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìtàn Ọ̀rẹ́ Gowon àti Ahidjo Wò

Bí ọ̀rọ̀ Bakassi, ilẹ̀ etí òkun tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù jọ du, bá ti jáde láàrin àwọn àgbà, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé Gowon ló fi ilẹ̀ náà ta Ahmadou Ahidjo, olórí Kamẹrúùnù, lọ́rẹ nítorí pé ó ti ẹnubodè mọ́ Biafra nígbà ogun abẹ́lé. Ìtàn náà dùn létí, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé, tàbí tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀, gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì náà.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ máàpù sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìwé kankan. Ẹ fi ìka tọ ààlà Nàìjíríà láti Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, lọ sí Niger, kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ Chad kọjá, kí ẹ sì bá Kamẹrúùnù sọ̀kalẹ̀ títí dé etí òkun níwájú Calabar. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Tanzania, Gabon, Ivory Coast àti Zambia, orílẹ̀-èdè mẹ́rin Áfíríkà tí wọ́n gba Biafra ní orílẹ̀-èdè ní ọdún 1968. Ìka yín kò ní kan ìkankan nínú wọn. Kò sí aládùúgbò kan tí ó bá wọn ṣe é, mo sì gba èyí gbọ́ ju gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí àwọn olórí ń sọ síra wọn ní pápákọ̀ òfuurufú lọ.

Ẹ wá béèrè ohun tí ń ba olórí kọ̀ọ̀kan lẹ́rù nílé tirẹ̀. Inú Ahidjo kò dùn sí Nàìjíríà ní ọdún 1961, nígbà tí apá àríwá Kamẹrúùnù tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dìbò pé Nàìjíríà ni àwọn yóò bá lọ, débi pé ó pe ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́jọ́ sí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé. Ṣùgbọ́n apá gúúsù, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìjọba wọn, bọ́ sí i lọ́wọ́, àwọn yìí gan-an ni wọ́n sì bá Biafra pààlà. Bí Ojukwu bá ya lọ láyọ̀, kí ni Ahidjo yóò sọ fún àwọn tirẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní àwọn náà fẹ́ lọ? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ti Hamani Diori ní Niger tún hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilẹ̀ rẹ̀ kò ní òkun, ẹ̀pà tí wọ́n ń tà ń gba Nàìjíríà kọjá, àwọn Haúsá sì wà ní apá méjèèjì ààlà. Faransé, lábẹ́ de Gaulle olórí wọn, ń ti Biafra lẹ́yìn, síbẹ̀ Diori kò kúrò lẹ́yìn Gowon, Niamey sì ni wọ́n ti jókòó sọ̀rọ̀ àlàáfíà ní oṣù Keje 1968. Dahomey nìkan ni kò rọrùn láti pín sí apá kan, nítorí pé láti Cotonou ni ọkọ̀ òfuurufú Red Cross ti ń gbé oúnjẹ lọ sí Biafra ní ọdún 1969.

Níbi ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí náà ẹ to wọn sórí ìwé. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 1913, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ṣe àdéhùn tí ó fi Bakassi sí apá Kamẹrúùnù. Wọn kò tíì bí Gowon. Ogun parí ní oṣù Kìíní 1970. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 1971, ní Yaoundé, olórí méjèèjì fọwọ́ sí ìlà kan tí a fà sórí máàpù òkun Gẹ̀ẹ́sì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 3433. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 1975, ní Maroua, wọ́n fa ìlà náà síwájú sínú òkun. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi gbàjọba lọ́wọ́ Gowon, nígbà tí ó wà ní ìpàdé ní Kampala.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ìdájọ́ tí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé dá ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá 2002 lórí ẹjọ́ tí Kamẹrúùnù pe Nàìjíríà. Nàìjíríà rojọ́ pé Ìgbìmọ̀ Ológun Gíga Jùlọ kò fọwọ́ sí àdéhùn Maroua. Ilé-ẹjọ́ ní ìbuwọ́lù olórí orílẹ̀-èdè tó. Ṣùgbọ́n òkun ni Maroua pín. Ní ti ilẹ̀ Bakassi fúnra rẹ̀, àdéhùn 1913 ni àwọn adájọ́ dì mú, mẹ́tàlá sí mẹ́ta. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ má kọ pé Gowon “fi ta á lọ́rẹ”. Ẹ kọ pé ó “fọwọ́ sí ìlà lórí òkun”, kí ẹ sì jẹ́ kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ díwọ̀n bí ọ̀rẹ́ ìgbà ogun ṣe mú kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó.

Bí ẹ bá sì ń sọ ìtàn yìí níbi tí ọmọ Bakassi kan wà, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú yín. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn òbí rẹ̀ ní ìbéèrè kankan ní Yaoundé tàbí ní Maroua.