Ẹ Má To Búlọ́ọ̀kù: Bí A Ṣe Ń Ṣe Ibojì Fáráò fún Eré Orí Tábìlì

Iṣẹ́ POP ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, òkè ilé olówó la máa ń bá wọn ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi a máa jókòó ti eré orí tábìlì, èyí tí a fi ń to ère kéékèèké, tí a sì ń da dáìsì láti mọ ẹni tó ṣẹ́gun. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fẹ́ ṣe ibojì Íjíbítì fún eré yìí, kí wọ́n mú fóòmù ni, kí wọ́n fi bírò fa búlọ́ọ̀kù sí i lára látòkè délẹ̀. Ó wu ojú, àmọ́ irọ́ ni. Pírámídì ni wọ́n fi òkúta tò. Ní Àfonífojì Àwọn Ọba, ní òdìkejì odò Náílì sí ìlú Luxor, ńṣe ni wọ́n gbẹ́ ibojì wọnú òkè, tí wọ́n fi jípúsọ̀mù rẹ́ ògiri rẹ̀, kí wọ́n tó ya àwòrán sí i. Jípúsọ̀mù yẹn náà ni wọ́n ń sun tó ń di POP. Iṣẹ́ wa ni!

Ẹ kọ́kọ́ ya ilé náà sórí bébà. Ère tó ga tó mílímítà 28 ni mò ń lò, íǹṣì kan lórí tábìlì sì dúró fún ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Bí ẹ bá wá ní ibojì Fáráò Tutankhamun gan-an lẹ fẹ́ ṣe, èyí tí awalẹ̀pìtàn Howard Carter rí ní 1922, ẹ ó ríṣòro. Yàrá àkọ́kọ́ níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 8 sí mítà 3 àtààbọ̀ lọ. Íǹṣì 5 sí 2 àti díẹ̀ ló máa jẹ́ lórí tábìlì. Ère mẹ́wàá á kún un fọ́fọ́, ọwọ́ yín ò sì ní ríbi gbà wọlé. Ẹ fẹ̀ ẹ́: yàrá íǹṣì 8 sí 6, ọ̀nà tó fẹ̀ tó íǹṣì 3, ògiri tí kò ga ju íǹṣì 2 lọ. Àtẹ̀gùn 16 ni Carter bá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ṣe márùn-ún péré, kí ère lè rí ẹsẹ̀ gún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ka mẹ́rìndínlógún kó lọ sí Luxor.

Èyí tí èmi máa ń wò ṣe ni ibojì Fáráò Seti Kìíní, tí Belzoni, ọmọ Ítálì tó ń wá ohun àtijọ́, wọ̀ ní 1817. Ọ̀nà gígùn kan ń sọ̀ kalẹ̀, kòtò jíjìn kan wà láàárín ọ̀nà, lẹ́yìn kòtò náà ni ògiri tí wọ́n rẹ́ tí wọ́n sì kùn kó lè dà bíi pé ibojì parí síbẹ̀. Àwọn olè ti dá ògiri yẹn lu kí Belzoni tó dé, okùn wọn ló bá níbẹ̀. Kí lẹ tún ń wá nínú eré? Lẹ́yìn ìyẹn, gbọ̀ngàn olópòó. Òpó onígun mẹ́rin ni kẹ́ ẹ ṣe, torí òkúta tí wọn ò gbẹ́ kúrò ni òpó ibẹ̀. Òpó roboto, tẹ́ńpìlì ló ni ín.

Fóòmù funfun tó ń bá tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì wá nínú páálí ti tó. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ń dà á nù ni. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí káfíńtà fi ń dí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìsàlẹ̀, torí páálí á ká kò nígbà òjò Èkó. Ẹ lẹ fóòmù tó nípọn tó íǹṣì kan ààbọ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ lè rí kòtò gbẹ́. Top Bond, gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò, lẹ ó fi lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń tún bàtà ṣe ń lò á jẹ fóòmù náà, ọ̀dà alágolo tí à ń fín náà á jẹ ẹ́. Àtẹ̀gùn ńkọ́? Àjákù páálí líle ò wọ́n lọ́dọ̀ àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú. Ẹ tò ó léra wọn.

Ó wá kan ibi tó dùn mọ́ mi jù. Ẹ bu omi sínú ike, ẹ fi Top Bond díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ wá máa wọ́n sìmẹ́ǹtì POP sórí omi náà díẹ̀díẹ̀. Omi kì í lọ bá POP, POP ló ń lọ bá omi. Ẹ jẹ́ kó mumi fúnra rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rò ó. Kó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ má rò ó jù, torí bẹ́ ẹ bá ṣe ń rò ó tó ló ṣe máa yára le tó. Díẹ̀ tí ẹ lè tètè lò tán ni kẹ́ ẹ máa pò. Ọmọ iṣẹ́ mi kan bi mí pé, “Ọ̀gá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò po gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?” Mo ní kó fọwọ́ kan ìdí ike. Ó ti ń gbóná. Bó bá ti ń gbóná, ó ti ń le nìyẹn.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì títí hóró fóòmù ò fi ní hàn mọ́. Níbi tí àwòrán máa wà, ẹ fi ìka tútù nù ún kó jọ̀lọ̀. Létí ihò tí olè lù, ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́ kó rí wúruwùru. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ jẹ́ kó le sínú ike, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹ má dà á sí síǹkì o.

Tó bá gbẹ tán, ẹ ta láìnì. Bí àwa oní-POP ṣe ń na òwú tí a sì ń ta á mọ́ ògiri, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ayàwòrán Íjíbítì ń ṣe, òwú tí wọ́n rì sínú ọ̀dà pupa. Òwú ìránṣọ ni kẹ́ ẹ lò: ẹ rì í, kí ẹnì kan nà án le, kí ẹnì kejì fi èékánná ta á. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá fi emúlṣọ̀n kùn ún. Ògiri yàrá ìsìnkú Tutankhamun jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ọ̀bọ méjìlá sì wà lára ọ̀kan nínú wọn. Òrùlé ibojì Ayaba Nefertari ni mo wò ṣe tèmi, páálí tó ṣeé ṣí, tí inú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró pẹ̀lú ìràwọ̀ àwọ̀ ìyeyè. Wọ́n ní ta ló máa rí i? Èmi tí mo ṣe é.

Bó bá sú yín, ẹ fi yàrá kan sílẹ̀ láìparí. Nínú ibojì Fáráò Horemheb, tí wọ́n rí ní 1908, àwọn ògiri kan wà tí wọn ò parí: láìnì pupa ṣì wà lára wọn, àtúnṣe tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú ṣe náà wà níbẹ̀. Ẹ ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Yanrìn tí a fi ń rẹ́ ilé ni ti ilẹ̀. Ẹ fi asẹ́ tó ti gbó sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wọ́n ọn sórí Top Bond lẹ́bàá ògiri nìkan, kí ère má máa ṣubú láàárín ilẹ̀. Okùn olè ló kù. Fáíbà tí a fi ń so POP mọ́ òkè ilé ni mo fi ṣe é: ẹ yí ìwọ̀nba láàárín ìka, ẹ so ó mọ́ igi ìṣáná kan, kẹ́ ẹ fi í kọ́ sí ẹnu kòtò. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá di okùn yẹn mú gbọ́dọ̀ da dáìsì, bó bá sì jẹ́ oókan, okùn ti já.