Bí A Ṣe Ń Jó Orin Dance-Pop Láti Orí Ìlù Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ jó orin dance-pop, ìyẹn orin pop tí a ṣe fún ijó, kó gún régé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìlù tó bí i. Inú dísíkò, orin ilé ijó tó gbòde ní àwọn ọdún 1970, ni orin náà ti jáde ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n fi ohun abúgbàmù fọ́ àpótí tó kún fún àwo dísíkò ní pápá ìṣeré Comiskey Park ní Chicago ní July 12, 1979, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dísíkò ti kú. Kò kú rárá. Ní ìlú kan náà, láti 1977 ni DJ Frankie Knuckles ti ń gbé orin sí ẹ̀rọ ní ilé ijó Warehouse, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn Látínò, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, ti ń jó títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ara orúkọ ilé yẹn ni orin house, orin ijó tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe tó jáde láti inú dísíkò, ti mú orúkọ tirẹ̀, ó sì dùn mí pé a kì í sábà rántí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí nígbà tí a bá ń yin Madonna, akọrin dance-pop tó gbé àwo orin (album) àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1983.

Jókòó kí o tó dìde jó. Fi ọwọ́ lé àyà, kí o sì wá ìlù ńlá ìsàlẹ̀ tó ń dún gbì, gbì, gbì, gbì, mẹ́rin-mẹ́rin láìdáwọ́ dúró. Nínú ọ̀pọ̀ orin wọ̀nyí, ó ń dún tó nǹkan bí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àtẹ́wọ́ máa ń bọ́ sórí ìkejì àti ìkẹrin. Gángan máa ń yí ohùn padà kí oníjó lè yí padà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlù yìí kì í yí. Ara oníjó ló ń yí lé e lórí.

Dìde wàyí, tẹ orúnkún díẹ̀, má sì tíì gbé ẹsẹ̀. Bí gbì bá ti dún, ti àyà síwájú, kí o fà á padà kí òmíràn tó dún, kí ìmì náà gba ìbàdí gòkè dé ọrùn bí omi tó ń ru. Ìmì yìí ni àwọn ará Chicago ń pè ní jack, òun sì ni ẹ̀mí ijó náà. Nígbà tó bá mọ́ ọ lára ni kí o tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́, kí tòsì tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ kan fún gbì kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn máa jó tẹ̀ lé ohùn akọrin. Bí ìlù ńlá bá dákẹ́ láàárín orin, tí ohùn nìkan ṣẹ́kù, dín ara kù, má ṣe dúró, máa ka mẹ́rin-mẹ́rin nínú, kí àyà rẹ lè wà níwájú ní kété tí gbì bá padà dé.