Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi Irin Ìdè Sí Iwájú Mustang Àtijọ́

Mustang tí Ford gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1964 kò ní ṣásíì tó dá dúró. Ara ọkọ̀ náà gan-an ló ń gbé ẹrù. Orí apá òkè, ìyẹn irin tó di táyà iwájú mú láti òkè, ni sípíríǹgì iwájú rẹ̀ jókòó lé, nítorí náà, nígbàkígbà tí táyà bá kó sí kòtò, ilé ṣọ́kì ló ń jẹ ìyà rẹ̀, ìyẹn ilé irin tó wà lọ́tùn-ún àti lósì ẹ́ńjìnnì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ilé méjèèjì á máa tẹ̀ sínú, wọ́n á sì máa sún mọ́ ara wọn. Irin ìdè méjì ni a fi ń dá wọn dúró. Àkọ́kọ́ ni export brace, tó so àwọn méjèèjì mọ́ ògiri irin ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, tí Ford máa ń fi sí àwọn Mustang tó ń lọ sókè òkun nígbà náà. Èkejì ni ọ̀pá Monte Carlo, tó dábùú láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Shelby GT350 ti ọdún 1965, ìyẹn Mustang tí Carroll Shelby tún ṣe fún eré ìje, ní méjèèjì. Bóòtù díẹ̀ ni iṣẹ́ náà gbà, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Àṣìṣe tó burú jù ni ti dírílì. Ihò irin ìdè kò bá ti ara ọkọ̀ mu, bóyá ó fi ìwọ̀n ìka kan yẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á sì mú dírílì, á lu ihò náà títí yóò fi gùn bí ẹyin. Bóòtù á wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò tó fẹ̀ ju bóòtù lọ ń fún irin láyè láti yọ̀ síwá sẹ́yìn, kò sì ní de ohunkóhun mọ́. Ihò tí kò bára mu sábà máa ń sọ fún yín pé ilé ṣọ́kì ti tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọn àlàfo àárín àwọn méjèèjì, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n láti igun kan dé igun òdìkejì pẹ̀lú, kí ẹ fi wé ìwọ̀n inú ìwé àtúnṣe Ford fún ọdún ọkọ̀ yín. Bí ó bá ti dín, jáàkì tí a fi páìpù gùn ni kí ẹ fi tì wọ́n padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tú u sílẹ̀ láti tún wọ̀n ọ́n, torí irin máa ń fà padà. Ẹ má ṣe fi ọ̀pá Monte Carlo olójú-yíyí, èyí tí a lè yí kó gùn tàbí kó kúrú, ṣe jáàkì. Ó lè tẹ̀ kí ilé ṣọ́kì tó mira.

Ẹ má sì ṣe de irin mọ́ ibi tó ti sán tàbí tó ti dípẹtà. Ẹ ha ọ̀dà àti gírísì kúrò yí ká bóòtù apá òkè, kí ẹ tan iná sí i. Ìlà tín-ínrín tó bá jáde láti etí ihò, ìsán ni, iṣẹ́ wẹ́dà ló sì kàn kí irin ìdè tó dé.

Ọ̀pá tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ kí ó lè yẹra fún ilé afẹ́fẹ́, ìyẹn ilé asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ń fa àwọn olùrajà mọ́ra, ṣùgbọ́n agbára tó ń ti ọ̀pá láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á máa tẹ̀ ẹ́ sí i ni. Mo fara mọ́ èyí tó nà tààrà, kódà bí a bá ní láti pààrọ̀ ilé afẹ́fẹ́. Kí ẹ tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ẹ fi amọ̀ rírọ̀ sórí ibi tó ga jù lára ọ̀pá, kí ẹ rọra tì í, kí ẹ sì wo bí amọ̀ ṣe pẹlẹbẹ tó. Ní ti bóòtù, èyí tó ní ìlà mẹ́fà lórí ni grade 8, irú bóòtù tó le dáadáa, òun ni kí ẹ lò pẹ̀lú wáṣà. Ẹ fọwọ́ mú gbogbo rẹ̀ wọlé nígbà tí ọkọ̀ wà lórí táyà rẹ̀ ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ tó máa fún wọn níkọ̀ọ̀kan.

Àṣìṣe tó kù ni kí ọkọ̀ bọ́ sí títì láìṣe aláímẹ́ǹtì, ìyẹn títún ìdúró táyà tò. Bí ilé ṣọ́kì bá ti kúrò níbi tó wà, orí táyà náà ti yí ìdúró padà, táyà á sì jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ sọ ọdún ọkọ̀ fún ẹni tí yóò ṣe é: ti 1965 àti 1966 ń lo irin pẹlẹbẹ tí a ń kì sáàárín apá òkè àti ilé ṣọ́kì, ṣùgbọ́n láti 1967, bóòtù apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń yí.