Ìmọ́lẹ̀ àti Wíwá Oyún: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé

Ẹni tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin kò nílò àlàyé púpọ̀ kó tó gbà pé ìmọ́lẹ̀ ní ọwọ́ nínú ìbísí. Bí ojúmọmọ bá kúrú, adìyẹ a dín yíyé kù. Bí olùsìn bá sì fi iná kún un títí tí ìmọ́lẹ̀ fi tó wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, ẹyin a tún máa pọ̀ sí i. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, abo ẹṣin kì í sábà gba akọ ní ìgbà tí òru gùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń tanná fún un di wákàtí 16, ara rẹ̀ a tètè yá fún oyún. Àgùntàn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà tí òru bá ń gùn sí i gan-an ni tirẹ̀ ń wá akọ. Ènìyàn kò rí báyìí, nítorí pé oṣooṣù ni ẹyin obìnrin ń gbó, ìbáà ṣe ìgbà òru gígùn tàbí kúkúrú. Síbẹ̀, ara obìnrin mọ ìyàtọ̀ òru àti ọ̀sán, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú onímọ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi méjì ni ìtọ́jú yìí: ìmọ́lẹ̀ funfun tó ń gba ojú wọlé láti tún aago ara ṣe, àti ìmọ́lẹ̀ pupa tí wọ́n ń tàn sí ara nísàlẹ̀ ikùn. Ìmọ̀ tó wà nídìí wọn kò dọ́gba rárá, àwọn tó ń ta fìtílà kì í sì sábà sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń rà.

Aago tó wà nínú ara

Yàtọ̀ sí ohun tí a fi ń ríran, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ojú tó ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́ tàbí pé ilẹ̀ ti ṣú. Ìmọ́lẹ̀ tó ní àwọ̀ búlúù nínú, irú ti ojú ọ̀run lọ́sàn-án àti ti ojú fóònù, ló ń tètè ta wọ́n jí. Ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan nínú ọpọlọ, tí iye wọn tó bí 20,000, ni wọ́n ń jíṣẹ́ fún, ìdìpọ̀ yìí sì ni aago ara. Bí ilẹ̀ bá ṣú, aago yìí a jẹ́ kí họ́mọ́ònù tí à ń pè ní melatonin tú sínú ẹ̀jẹ̀; bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn, a dá a dúró. Láti ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé iná tó mọ́lẹ̀ gidigidi lóru ń dín melatonin kù lára ènìyàn.

Ìdí tí èyí fi kan ọmọ bíbí ni pé àdúgbò kan náà nínú ọpọlọ ni àṣẹ ti ń jáde lọ sí ilé ẹyin pé kí ẹyin gbó, kí ó sì já. Melatonin fúnra rẹ̀ wà nínú omi tó yí ẹyin obìnrin ká, ó pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ láti dáàbò bo ẹyin kúrò lọ́wọ́ ìbàjẹ́. A sì rí i pé nǹkan oṣù àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ òru a máa ṣe ségesège ju ti àwọn yòókù lọ. A kò wí pé iná alẹ́ ló ń fa àìrọ́mọbí. Ohun tí a ń wí ni pé ó yẹ kí obìnrin tó ń wá oyún tọ́jú aago ara rẹ̀ bó ti ń tọ́jú oúnjẹ tó ń jẹ.

Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, òkùnkùn alẹ́

Ibi tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí kan tàbí méjì tí ẹ bá jí, ẹ jáde síta fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, láìtẹjú mọ́ oòrùn rárá. Lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀: inú yàrá kì í sábà kọjá 500 lux, ìta gbangba lè ju 50,000 lọ bí oòrùn bá ràn, kódà bí ìkúùkù bá bo ojú ọ̀run, ìta ṣì mọ́lẹ̀ ju inú ilé lọ dáadáa. Àgbẹ̀ obìnrin tó ń tètè dé oko ti ní ìpín tirẹ̀ nínú èyí. Òru ni kó ṣọ́. Kó dín iná kù bí wákàtí kan kó tó sùn, kó gbé fóònù jìnnà sí ibùsùn, kó sì jẹ́ kí yàrá ṣókùnkùn. Ẹni tí iṣẹ́ òru kan kò gbọdọ̀ máa pààrọ̀ àkókò iṣẹ́ lójoojúmọ́ bí ó bá lè rí i ṣe, kó sì fi aṣọ tó nípọn bo fèrèsé nígbà tó bá ń sùn lọ́sàn-án.

Ẹni tí kò lè rí ìta láàárọ̀ lè lo fìtílà onímọ́lẹ̀ 10,000 lux fún bí ìṣẹ́jú 30, kí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú ní ìwọ̀n jíjìnnà tí olùṣe rẹ̀ kọ sí ara rẹ̀. Kí fìtílà náà jẹ́ èyí tó ń sẹ́ ìtànṣán tó ń jó awọ ara. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń báni nígbà òtútù ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún ní ọdún 1984, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ sì ti hàn jù lọ. Ẹ má fojú kéré èyí, nítorí pé ìdúró de oyún, tí oṣù ń wọlé tí oṣù ń jáde, ń mú ọkàn obìnrin wúwo ju bó ṣe ń sọ jáde lọ. Ẹni tó ní àrùn ojú, ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú kí oòrùn tètè pa awọ ara lára, irú doxycycline, àti ẹni tó ní àìsàn bipolar, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tí inú ènìyàn fi ń ru sókè jù nígbà kan, tí ọkàn rẹ̀ sì ń rẹ̀wẹ̀sì jù nígbà mìíràn, gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó lo fìtílà yìí.

Fìtílà pupa

Ní ọdún 1967, Endre Mester, dókítà kan ní Hungary, kíyè sí i pé irun eku tó fi ìmọ́lẹ̀ lésà tí kò lágbára tàn tètè hù padà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ìmọ́lẹ̀ pupa àti èyí tó kọjá pupa, tí ojú kò rí, wo ọgbẹ́ àti ìrora. Wọ́n ní ó ń fún mitochondria lágbára, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí okun rẹ̀. Ẹyin obìnrin kan ṣoṣo sì lè ní tó 100,000 nínú rẹ̀, agbára wọn a sì máa dín kù bí ọjọ́ orí bá ń gòkè. Àlàyé yìí bọ́gbọ́n mu. Àwọn dókítà kan ní Japan lò ó fún àwọn obìnrin tó ti ń wá oyún tipẹ́, àwọn kan nínú wọn sì lóyún, ṣùgbọ́n wọn kò fi wọ́n wé àwọn tí kò gba ìtọ́jú náà, bẹ́ẹ̀ obìnrin tó ti dúró pẹ́ lè lóyún fúnra rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, inú lọ́hùn-ún ni ilé ẹyin wà, díẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ tó ń la awọ, ọ̀rá àti iṣan kọjá dé ibẹ̀. Èrò tiwa ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó àyẹ̀wò ra fìtílà pupa. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lò ó, kó dáàbò bo ojú rẹ̀, kó má ṣe tàn án sí ikùn láti ìgbà tí ẹyin bá ti já, nítorí pé oyún lè ti dúró, kó má sì lò ó rárá bí ó bá ní jẹjẹrẹ tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀ láìnídìí.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò lè ṣe

Kò sí ìmọ́lẹ̀ tó lè la ọ̀nà ẹyin tó ti dí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yọ fáíbírọ́ìdì kúrò nínú ilé ọmọ. Kò sì lè tún àtọ̀ ọkọ ṣe nígbà tó jẹ́ pé aya nìkan ni wọ́n ń tàn án sí: nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí oyún kò tètè dé fún, ọ̀rọ̀ náà kan ọkùnrin pẹ̀lú. Nítorí náà, kí àyẹ̀wò àtọ̀ wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, torí pé ó rọrùn, kì í sì í dun ènìyàn. Bí tọkọtaya bá ti ń bára wọn lò déédéé fún oṣù 12 láìrí oyún, kí àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn. Bí obìnrin bá ti tó ọmọ ọdún 35, kí wọ́n má dúró kọjá oṣù mẹ́fà.

Kó tó di ìgbà náà, ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sí i, wákàtí tí ẹ sùn àti èyí tí ẹ jí, iye ìṣẹ́jú tí ẹ lò níta láàárọ̀, àti fìtílà yòówù tí ẹ lò pẹ̀lú bí ó ti pẹ́ tó. Ẹ ṣe é fún oṣù mẹ́ta, nítorí pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ẹyin fi ń dàgbà kó tó já, kí ẹ sì mú ìwé náà dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà.