Ẹ pàtẹ́wọ́ kí ẹ tó sanwó gbọ̀ngàn

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó aláràbarà ní sítúdíò tàbí ilé iṣẹ́ ọnà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó o. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ ní wákàtí tí ayẹyẹ yín máa wáyé gan-an. Ẹ dúró láàárín yàrá, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ohùn náà bá ń dún padà léraléra, àwọn tó jókòó lẹ́yìn kò ní gbọ́ ẹ̀jẹ́ yín dáadáa. Aṣọ nínípọn tí ẹ bá ta sára ògiri àti rọ́ọ̀gì nílẹ̀ á mú un rọlẹ̀.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n gba àbẹ́là, àti iye èèyàn tí yàrá náà lè gbà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́?

Ní ti eré, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kánfáàsì ńlá, ìyẹn aṣọ tí wọ́n ń ya àwòrán sí, lẹ́nu ọ̀nà, kí àlejò kọ̀ọ̀kan kùn ún díẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Ọ̀dà akiríìlìkì, ìyẹn ọ̀dà àwòrán tí wọ́n ń fi omi pò, máa ń yára gbẹ, ẹ lè gbé àwòrán yín lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Àmọ́ tó bá ti gbẹ sára aṣọ, kì í fẹ́ jáde mọ́, torí náà ẹ wá épírọ́ọ̀nù fún àwọn àlejò.